Bí ẹ ó ṣe lo "meticulous" láì ṣì í lò

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ mi ní Tánkẹ̀, n'Ílọrin, fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà "meticulous" bí ẹni tó rí owó he. Wọ́n á wá ná an níbi tí kò yẹ. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ aláta ọjà Ìpàta, kọ ọ́ pé: "My mother's stall is meticulous." Mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ fi ìwé atúmọ̀ èdè sílẹ̀ ná, ẹ wá ẹni tí ẹ mọ̀. Tèmi ni àbúrò bàbá mi tó ń hun òfì. Lọ́jọ́ kan tí mo jókòó tì í, ó ṣàdédé dáwọ́ ọ̀kọ̀ dúró, ó tẹrí ba, ó ń fi èékánná tọ aṣọ náà. Fọ́nrán òwú kan ṣoṣo ló gba òkè níbi tó yẹ kó gba ìsàlẹ̀. Èmi ò tiẹ̀ rí i. Mo ní, "Bàbá, ta ló máa mọ̀?" Kò dá mi lóhùn. Ó ń tú u.

Meticulous nìyẹn: ẹni tí kì í fojú fo nǹkan bíńtín. Ọlọ́kadà tó rọra ń sáré ní Challenge lóru, careful ni, kí jàǹbá má baà ṣe é ni.

Ènìyàn la máa ń pè bẹ́ẹ̀, tàbí iṣẹ́ tó fara balẹ̀ ṣe: a meticulous weaver, meticulous records. Ìsọ̀ ò lè ṣa ata, ìyá tó ni ín ló ń ṣà á. Nítorí náà: "My mother is meticulous about her tomatoes." Ẹ kíyè sí "about" yẹn. Tó bá jẹ́ iṣẹ́, "in" náà ń bá a lọ: meticulous in his work. Tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é ni: "He checked every thread meticulously."

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé "metus", ìbẹ̀rù lédè Látìnì, ni orírun rẹ̀. Ojo ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Lónìí, ìyìn ni. Fastidious, tó fara jọ ọ́, ló máa ń ní èébú díẹ̀ nínú: ọkọ tí wọ́n gbé ọbẹ̀ fún, tó ń wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀.

Mi-TIK-yu-lọs ni kí ẹ pè é, kí ohùn wúwo lórí TIK. Tí ẹ bá ń kọ ọ́, t kan, l kan péré.