Yúníìtì ni kí ẹ kà: bí mo ṣe ń wa ọkọ̀ oníná ní Ìjẹ̀bú-Òde

Oúnjẹ òde ni mo ń sè. Mọ̀lípà ni mo ń gbé, Òkè-Ajé ni mo ti ń ra èlò ọbẹ̀, àwọn oníbàárà mi sì wà láti Àgọ́-Ìwòyè títí dé Ìsarà. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, mo jókòó ṣírò ohun tí mo ń dà sínú táńkì lọ́sẹ̀, mo sì rí i pé odidi èrè òde kan ni mo ń kó fún ilé epo. Ohun tó mú mi ra Nissan Leaf tòkunbọ̀ nìyẹn, ọkọ̀ oníná ti ọdún 2018.

Láti ìgbà náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn ń bi mí: “Ìyá Alásè, tí iná bá tán sójú ọ̀nà ńkọ́?”

Ẹ̀rù yẹn ba èmi náà. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ojú mi kì í kúrò lára nọ́ńbà kìlómítà tó wà níwájú mi. Bó bá ti wálẹ̀ dé 60, àyà mi á já. Ohun tó mú kí ọkàn mi balẹ̀ ni ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí ka bátìrì bí mo ṣe ń ka gàrí.

Bí ẹnìkan bá ní kí n ro ẹ̀bà fún igba ènìyàn, n kò ní máa wo àpò gàrí lókèèrè kí n ní ó ti fẹ́ẹ̀ dé ìdajì. Mo mọ iye kóńgò tó wà nínú àpò, mo sì mọ iye ènìyàn tí kóńgò kan ń bọ́. Bátìrì náà ní kóńgò tirẹ̀. Yúníìtì ni, yúníìtì kan náà tí ẹ ń rà sínú mítà ilé yín, èyí tí wọ́n ń kọ ní kWh. Nọ́ńbà kìlómítà tó ń hàn lójú ọkọ̀ kì í ṣe òǹkà, àbá lásán ni. Bí ẹ ṣe wa ọkọ̀ láàárọ̀ ni ọkọ̀ fi ń gbèrò bí ẹ ó ṣe wà á lọ́sàn-án. Ẹ sáré díẹ̀, yóò já wálẹ̀. Ẹ rọra, yóò tún gòkè.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye yúníìtì tó kù nínú bátìrì yín. Tèmi jẹ́ 40 nígbà tó jáde tuntun, ṣùgbọ́n bátìrì a máa gbó, ooru ló sì ń tètè gbó o, pàápàá irú èyí tí kò ní omi tó ń tu bátìrì lára. Lójú Leaf, ìlà kéékèèké 12 wà tó ń sọ bí ara bátìrì ṣe le tó. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá lọ, nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ nìyẹn. Àwọn tó bá tẹ̀ lé e ń mú bíi 6 lọ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi ìlà kéékèèké yìí hàn yín, kó má jẹ́ ìlà ńláńlá tó ń sọ bí bátìrì ṣe kún lónìí. Mẹ́wàá ló kù lára tèmi nígbà tí mo rà á. Mo bá ka yúníìtì 30 sí tèmi, mo gbàgbé 40.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọn ọ̀nà tiyín. Àjọ ọ̀ràn àyíká ti ìjọba Amẹ́ríkà kọ kìlómítà 243 fún irú ọkọ̀ mi nígbà tó wà ní tuntun, ṣùgbọ́n bátìrì tuntun ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kúlà ìrẹsì mẹ́rin kò sì sí nínú búùtù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè oníbàárà: iye kìlómítà tí mo rìn, iye bátìrì tó lọ. Nínú ìgboro, yúníìtì kan ń gbé mi ní kìlómítà 6. Lórí márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin, tí mo bá fi ẹsẹ̀ mú eré rẹ̀ ní kìlómítà 80 ní wákàtí kan, ó tún fẹ́ẹ̀ tó 6. Tí mo bá gbé e dé 110, kì í pé 5. Eré àsápajúdé ló ń jẹ bátìrì ju ẹrù tàbí ẹ̀rọ atútù lọ. Nítorí náà, 5 ni mo fi ń ṣírò nígbàkígbà tí mo bá ń jáde nílùú, yúníìtì márùn-ún ìsàlẹ̀ sì jẹ́ èyí tí n kì í fọwọ́ kàn. Ó ku 25. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà márùn-ún, kìlómítà 125 nìyẹn.

Ṣàgámù jìnnà sí mi tó bíi kìlómítà 45. Mo lè lọ, kí n padà, kí n má tilẹ̀ ronú kàn án. Berger ní Èkó fẹ́ẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ìyẹn ní àlọ nìkan. N kì í gbé ọkọ̀ yìí lọ sí Èkó láàárọ̀ kí n ní mo ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Bọ́ọ̀sì ni mo ń wọ̀, àfi tí mo bá máa sùn síbi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Ẹni tó bá ń ná Èkó lójoojúmọ́, tí bátìrì rẹ̀ kò ju tèmi lọ, mo bẹ̀ ẹ́, kó má rà á.

N kò tíì mọ ìṣirò yìí lọ́jọ́ tí mo gbé oúnjẹ lọ sí Ìsarà. Ìdá 70 ló wà nínú bátìrì, mo ní ó pọ̀. Mo sáré lọ nítorí pé mo ti pẹ́, wọ́n tún rán mi sí Ìpẹ̀rù lọ ra yìnyín. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, kí n tó dé oríta Odògbolú, iná ìkìlọ̀ tàn, nọ́ńbà kìlómítà pòórá, ìlà mẹ́ta gbọọrọ ló dúró sípò rẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo yà sí ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.

“Ìyàwó wa, ṣé mọ́tò náà ló fẹ́ mu iná bíi fóònù?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, wákàtí méjì péré.”

Wọ́n na wáyà ẹ̀tẹ́ńṣọ̀n tẹlifíṣọ̀n wọn jáde láti pálọ̀, a so ó mọ́ ọn. Kò tó ogójì ìṣẹ́jú tí òórùn kan dé, bíi ti ike tó bọ́ sínú iná àdògán. Mo fọwọ́ kan orí wáyà náà, ó jó mi lọ́wọ́. Ojú ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti di àwọ̀ búráùn, ike rẹ̀ ti rọ̀. A pa á, a gba ojú fèrèsé yàrá Bọ̀dá lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ atútù wọn, níbẹ̀ ni mo ti gba ìyókù.

Ìdí tó fi jó kò le láti mọ̀. Ọkọ̀ tó ń gba iná láti sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ń fa bíi ámúpù 10 láìsinmi, wákàtí lórí wákàtí. Áyọ́ọ̀nù lè fa tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù máa ń dúró mí. Ẹ má fi ẹ̀tẹ́ńṣọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ gba iná ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má fi wáyà tó ṣì ká bí ejò gbà á, nítorí ooru kì í ríbi jáde nínú rẹ̀. Ní ilé, mo ní kí oníṣẹ́ iná fa wáyà 4mm láti ibi bírékà wá sí ibi tí mo ń gbé ọkọ̀ sí, kó dá bírékà ámúpù 20 sí i, kí ẹnikẹ́ni má so fíríìjì mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ áàtì, wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé wa ni wáyà áàtì wọn kò kan ilẹ̀ rárá. Bí àpótí ara wáyà tí ọkọ̀ fi ń gba iná bá yẹ̀ ẹ́ wò tí kò rí áàtì, yóò tan iná pupa, kò sì ní jẹ́ kí iná wọlé. Àwọn kan á ní ọkọ̀ ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́, ó ń dáàbò bò yín ni. Ọ̀pá bàbà ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná mi, pẹ̀lú èédú àti iyọ̀, ọjọ́ náà gan-an ni àpótí náà gbà. Bí ọkọ̀ yín bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ yí àpótí yẹn padà kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan, ẹ má fi bọ iná wa láéláé, nítorí 230 ni tiwa.

Nípa iná, òfin tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni pé wákàtí kan ń fún mi ní kìlómítà mẹ́wàá. Bí iná bá rẹlẹ̀ tí fáànù ń yí bí ẹni tó ń tòògbé, yóò dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: Mọ̀lípà sí Òkè-Ajé, sí Ìta-Àlẹ̀, sí ibi òde, kí n tún padà sílé, kì í ju kìlómítà 25 lọ. Iná wákàtí mẹ́ta á dá a padà. Nínú ìsọ̀rí tí wọ́n pín àdúgbò sí fún iná, Band A ni wọ́n ní kó máa rí iná wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, Band D sì jẹ́ 8. Mẹ́jọ náà tó mi. Kìlómítà 25 yẹn ń jẹ yúníìtì bíi márùn-ún lórí mítà, tó fi mọ́ èyí tó ń ṣòfò sọ́nà; ní iye tí wọ́n ń ta Band A, ó lé díẹ̀ ní ₦1,000. Ẹ fi wé lítà epo méjì àtààbọ̀.

Jẹnẹrétọ̀ lè ṣe é, bó bá tó 3.5kVA tí wọ́n sì ti ṣètò áàtì rẹ̀. Àmọ́ lítà epo kan ń fúnni ní bíi yúníìtì méjì, kìlómítà mẹ́wàá sí méjìlá, èyí tí ọkọ̀ elépo kékeré fúnra rẹ̀ máa rìn. Fún pàjáwìrì ni.

Ìdá 80 ni mo ń fi bátìrì sí lójoojúmọ́, àfi tí mo bá ń jáde nílùú. Kíkún bámúbámú nínú oòrùn ló ń pa á, nítorí náà abẹ́ ìbòòji ni mo ń gbé e sí. Ẹ má sì gbàgbé bátìrì kékeré, 12V bíi ti ọkọ̀ yòókù. Bí ìyẹn bá kú, ọkọ̀ kò ní jí, bí ńlá tilẹ̀ kún.

Gósílóò ni ohun tó kù tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù. Ọkọ̀ tó dúró kò fẹ́ẹ̀ jẹ nǹkan kan. Ẹ̀rọ atútù nìkan ló ń jẹ, bíi yúníìtì kan ní wákàtí kan. Ní ọjọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, mo há sójú ọ̀nà fún wákàtí mẹ́ta, àwọn ẹlẹ́ṣin níwájú, ẹgbẹ́ bí ẹgbẹ́ lẹ́yìn. N kò pa ẹ̀rọ atútù. Yúníìtì mẹ́ta ló lọ. Nígbà tí mo ṣí kúlà níbi tí mo ń lọ, ooru ìrẹsì ṣì ń rú jáde.