Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta MGB tẹ́ ò tíì tún ṣe tán

Ẹ̀yin ará wa ní UK tẹ́ ẹ fẹ́ ta mọ́tò MGB àtijọ́ tẹ́ ẹ ti tú palẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó polówó ẹ̀, ẹ kó gbogbo páàtì ẹ̀ síta, ẹ tò ó sórí tapólì, bóòtì àti nọ́ọ̀tì kéékèèké ẹ dì í sínú nylon kẹ́ ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti tú u sí i lára ("ilẹ̀kùn ọ̀tún", "kabúrétọ̀ ẹ̀yìn"), ẹ wá ya fọ́tò ẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ èyí tí ò sí níbẹ̀ gbangba. Ìbẹ̀rù pé páàtì kan ti sọnù ló máa ń jẹ́ kí oníbàárà já owó yín wálẹ̀. Ìpẹtà gan-an ò bà wọ́n lẹ́rù tó yẹn, torí pánẹ́ẹ̀lì MGB ṣì wà lọ́jà, kódà wọ́n ṣì ń ṣe odindi bọ́dì ẹ̀ tuntun. Ibi tẹ́ ẹ bá sì ti jó irin, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kùn ún, oníbàárà tó mọṣẹ́ máa bèèrè. Àmọ́ o, tí nọ́ńbà chassis ò bá bá ti inú V5C (ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò) mu, ẹ yanjú ìyẹn ná, fọ́tò ò lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé V5C ló sọnù, fọ́ọ̀mù V62 ti DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀, lẹ máa fi béèrè òmíì.