Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nídìí oúnjẹ ẹnìkan: ata ni kí ẹ sè púpọ̀, kì í ṣe ọbẹ̀

Ẹni tó ń dá gbé ní Ilé-Ifẹ̀, yálà akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá sí ọ̀nà Ẹdẹ ni o, tàbí àgùnbánirọ̀ tí wọ́n gbé wá sí Modákẹ́kẹ́, tàbí nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru, inú ilé elénìyàn púpọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ oúnjẹ sísè. Ìkòkò ìyá wọn ni wọ́n ń wò láti kékeré: ìkòkò ńlá, ẹnu mẹ́fà tàbí méje, ẹran tí wọ́n ń kà sí orí. Ọwọ́ tó ti mọ́ ìkòkò yẹn kò mọ bí wọ́n ṣe ń sè fún ẹnu kan ṣoṣo. Òun ló fà á tí ọbẹ̀ ọjọ́ Àìkú fi ń kan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí iṣu fi ń jẹrà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí owó oúnjẹ sì ń tán kí oṣù tó dé ìdajì. Ẹni tó bá ti rí i bẹ́ẹ̀ á ní kò pé òun láti máa dáná, kóun kúkú máa jẹ ní buka ní Lágere. Ó pé e. Bó ṣe ń dá iná náà ni kò pé.

Ẹ má se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo

Kò sí àṣìṣe tó ń jẹ owó tó èyí. Lọ́jọ́ Sátidé, ènìyàn á ra ata, á ra ẹ̀fọ́, á ra ẹja, á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìkòkò kan, á ní òun ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà títí di ọjọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ kì í pẹ́ kan, ilá àti ewédú kò tilẹ̀ fẹ́ rí ọ̀sán ọjọ́ kejì. Kódà bí wọn ò bá kan, iná tí ẹ ń gbé wọn kà á ti sọ ẹ̀fọ́ di jákujàku, ewédú á ti domi. Ata àti epo ló lágbára jù nínú ọbẹ̀ wa. Ata ni kí ẹ sè púpọ̀, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ di alẹ́ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ jẹ ẹ́.

Ẹ gbé ata lílọ̀ kaná láìtíì fi epo sí i. Ẹ jẹ́ kó máa hó títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, tí á bẹ̀rẹ̀ sí í ta sára ògiri, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fi ṣíbí wọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò, ojú ọ̀nà tí ṣíbí gbà kò ní tètè dí. Ìgbà yẹn lẹ máa tó da òróró àti àlùbọ́sà sí i, kí ẹ dín in lórí iná díẹ̀ títí òróró á fi léfòó. Omi ló ń ba ata jẹ́; ẹni tó bá ń kánjú da òróró lé ata olómi ń fi owó òróró ṣòfò ni. Iyọ̀ àti magí kò tíì kàn, nítorí ẹ ò tíì mọ ohun tí ata náà máa dà. Bó bá tutù, ẹ pín in sínú ọ̀rá kéékèèké, èyí tó tó oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ tẹ́ wọn pẹrẹsẹ sínú fírísà kí wọ́n lè tètè yọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ wọn. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ọ̀rá kan àti ìdì ṣọkọ kan di ẹ̀fọ́ rírò. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rá mìíràn pẹ̀lú ẹyin méjì, ẹ fi jẹ iṣu. Ẹ̀kẹta á di jọ̀lọ́ọ̀fù agolo kan.

Ẹni tí kò ní fírísà, kó má dín ju èyí tó máa jẹ fún ọjọ́ méjì lọ, kó sì máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́.

Gbígbé kaná yìí náà ní àṣìṣe tirẹ̀. Òun ni àwọn ìyá wa fi ń pa ọbẹ̀ mọ́ kí fíríìjì tó dé, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí ènìyàn bá ṣe é dópin. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ń jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán, wọ́n á sọ̀ ọ́. Wọ́ọ́rọ́ yẹn gan-an ni kòkòrò àìfojúrí ń fẹ́. Ó gbọ́dọ̀ hó kútúkútú. Bó bá sì ti hó tán, ẹ dé e, kí ẹ má ti ohunkóhun bọ̀ ọ́ mọ́: kì í ṣe ṣíbí tí ẹ fi jẹun, kì í sì í ṣe ìgbákọ tó máa sùn sínú rẹ̀ mọ́jú. Ẹ má da ọbẹ̀ tuntun lé èyí tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò. Bí ẹ bá ṣí ìdérí láàárọ̀ tí ẹ rí ìfófòó wẹ́wẹ́ tó ń yọ lójú ọbẹ̀ tí kò sí lórí iná, ó ti kan nìyẹn. Kò sí magí tó lè tún un ṣe.

Ìrẹsì tó sùn síta

Bí ọbẹ̀ bá kan, imú á mọ̀. Ìrẹsì kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus. Irúgbìn rẹ̀ lè la gbígbóná já nígbà tí ìrẹsì ń hó lórí iná. Bí ìrẹsì náà bá wá wà nínú ìkòkò lórí sítóòfù mọ́jú, irúgbìn yìí á sọ jí, á máa pọ̀, á sì máa tu májèlé sínú oúnjẹ. Ẹ lè gbé ìrẹsì náà kaná láàárọ̀ kí kòkòrò kú, májèlé tó ti tu sílẹ̀ kò ní bá iná lọ. Èébì àti inú rírun tí àwọn ènìyàn ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ata, ìrẹsì àná ló ń fà á nígbà mìíràn. Láàárín wákàtí méjì tí ẹ bá sọ̀ ọ́, kó ti wọ fíríìjì, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán kó tó pé ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni tí kò ní fíríìjì, ìwọ̀n tó máa jẹ tán ni kó sè.

Ìwọ̀n náà kò sì le. Agolo mílíìkì kan ìrẹsì máa ń wú di bíi mẹ́ta bó bá jinná, ó tó ènìyàn kan yó. Pákẹ́ẹ̀tì sìpàgẹ́tì jẹ́ 500g, nǹkan bíi 100g sì ni oúnjẹ ẹnìkan. Ẹni tó da odidi rẹ̀ sómi ti se oúnjẹ ẹni márùn-ún.

Ẹ má tijú láti ra díẹ̀

Ní ọjà Odò-Ogbè, àwọn ọ̀dọ́kùnrin pàápàá máa ń ra òkìtì tòmátì méjì nítorí ojú ń tì wọ́n láti ní kí wọ́n pín ọ̀kan. Kí ló ń tini lójú níbẹ̀?

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi bù ú sí méjì.”

“Ìwọ nìkan ni? Ìyàwó ńkọ́?”

“Ó ń bọ̀, mà.”

“Kó tètè máa bọ̀ o, ọmọ mi, tòmátì mi kò fẹ́ pín sí méjì.”

Á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, á sì bù ú fún yín. Bó bá kọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin àti ará yàrá kejì dá owó rà á. Nígbà òjò tí tòmátì òkè Ọya bá gbówó lórí, tàtàsé àti àlùbọ́sà ni kó pọ̀ nínú ata yín, kí tòmátì jẹ́ ìwọ̀nba.

Ohun gbígbẹ ni rírà lọ́pọ̀ pé: gààrí, èlùbọ́, ẹ̀wà, ẹja gbígbẹ. Ẹ̀wà tilẹ̀ ni oúnjẹ tí èmi máa ń ní kí ẹni tó ń dá gbé sè lọ́pọ̀, torí iye gáàsì tó ń jẹ. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kó lè tètè jinná, ẹ sè é láìfi epo sí i, kí ẹ pín in sí fírísà bí ẹ ti pín ata. Ṣùgbọ́n ẹ má fi oògùn apakòkòrò sínú ẹ̀wà tútù nítorí ìdin àti kòkòrò. Nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀, dichlorvos, ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà ní ọdún 2015. Kò sì yẹ kí ohun tí wọ́n kọ̀ lọ́hùn-ún wọ inú wa níbí. Ọjọ́ mẹ́rin nínú fírísà á pa kòkòrò tó wà nínú ẹ̀wà, lẹ́yìn náà kí ẹ dà á sínú ike tó dé dáadáa. Ẹ ṣa ẹ̀wà náà, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ kí ẹ tó sè é.

Iṣu tí ẹ bá gé kù, ẹ má gbé e sí fíríìjì, òtútù ń bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí ojú ibi tí ẹ gé títí á fi gbẹ, kí ẹ fá ojú gbígbẹ náà kúrò nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ sè é. (Ọmọ Iléṣà tó ní dandan òun gbọ́dọ̀ gún iyán ẹnìkan nínú yàrá òkè, kó lọ bá ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ sọ̀rọ̀ ná.)

Ètò oúnjẹ

Ẹ má ya tábìlì oúnjẹ mọ́kànlélógún fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò sẹ́ni tó ń tẹ̀lé e kọjá ọjọ́ Rú. Oúnjẹ alẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó láti kọ sílẹ̀, kí ohun tó máa tètè bàjẹ́ sì kọ́kọ́ jáde: ẹ̀fọ́ àti ẹja tútù lọ́jọ́ ọjà àti ọjọ́ kejì rẹ̀, ẹ̀wà àti ẹja gbígbẹ nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ẹ tún lọ sọ́jà. Àwọn ọjọ́ tó kù, ẹ lè jẹ ní buka láìjẹ́ pé oúnjẹ kan ń kan nílé.

Iná mànàmáná ńkọ́? Fírísà tó kún, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, lè mú òtútù rẹ̀ dúró tó wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì, nǹkan bíi wákàtí 24. Fírísà ẹnìkan kì í sábà kún, nítorí náà ẹ to píọ̀ wọ́tà sí gbogbo àyè tó ṣófo. Ẹ sì kọ orúkọ àti ọjọ́ sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, torí ata díndín àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kò yàtọ̀ síra bí wọ́n bá ti di yìnyín, ìgbà tó bá yọ́ tán lẹ́bàá ìrẹsì lẹ máa tó mọ èyí tí ẹ mú.