Ẹ má bọ́ aṣọ ojúewé kí tuntun tó délé

Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, a ń ti Kubwa bọ̀ ní Wuse, tí oníbàárà mi tó ń ta àdìrẹ fi pè mí.

"Ọmọ mi, ta ló bọ́ ṣọ́ọ̀bù mi síhòòhò?"

Mo ṣí ìkànnì náà lórí fóònù mi, mo tẹ bọ́tìnnì "Alẹ́" tí mo ṣe fún un láti sọ ojúewé di dúdú. Lóòótọ́, ìhòòhò ni: ọ̀rọ̀ dúdú lórí funfun, líǹkì aláwọ̀ búlúù, àwòrán ràgàjì tó fẹ̀ kọjá ojú fóònù. Ó tó bí ìṣẹ́jú àáyá 8 kí aṣọ tó padà sí i lára.

Èmi ni mo ṣe é. CSS ni fáìlì tó ń sọ àwọ̀ àti ìrísí ojúewé, òun ni aṣọ rẹ̀. Link ni ìlà HTML tó ń pè é wá, inú head, apá òkè kóòdù ojúewé, ló sì ń gbé. Kóòdù mi kọ́kọ́ ń yọ link àtijọ́ kúrò nínú head, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó ń lọ wá fáìlì CSS tuntun. Nílé, orí kọ̀ǹpútà mi ni fáìlì méjèèjì wà, kò sí bí mo ṣe fẹ́ mọ̀. Lójú ọ̀nà Kubwa tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe ségesège, ó di ti ẹni tó bọ́ agbádá sílẹ̀ lójúde kó tó rán ọmọ lọ gbé òmíràn wá.

Ẹ kọ́kọ́ dá link tuntun, kí ẹ sọ ohun tí yóò ṣe bó bá dé, kí ẹ tó wá fi í sẹ́yìn ti àtijọ́:

tuntun.onload = () => atijo.remove();
atijo.after(tuntun);

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, onload kò ní ṣẹlẹ̀, aṣọ àtijọ́ á ṣì wà lára. Ẹ má sì kàn sọ link tuntun sí ìparí head o. Bí òfin CSS méjì bá dọ́gba lágbára, èyí tó kẹ́yìn ló ń borí. Bí ojúewé ìsanwó Mọ́mì, oníbàárà mi yẹn, ṣe dàrú nìyẹn, torí ó ní fáìlì tirẹ̀ tó yẹ kó kẹ́yìn.

Àwọn kan máa ń kọ disabled ("má lò ó") sára link kejì nínú HTML, wọ́n á ní ó ti wà ní sẹpẹ́. Irọ́ ni. Búráúsà kì í gbé e wálẹ̀ títí ẹ ó fi yọ disabled náà.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kí èèyàn ti yan alẹ́, kí gbogbo ojúewé tó bá ṣí ṣì kọ́kọ́ kọ funfun yẹ̀rì sí i lójú. Ìsàlẹ̀ body, apá tí ohun tí à ń rí lójú ojúewé wà, ni wọ́n fi script, ìyẹn kóòdù JavaScript, sí. Búráúsà ti kun ojúewé kó tó kà á débẹ̀. Wọ́n kọ́ wa pé ìsàlẹ̀ ni script ń gbé, mo mọ̀. Ìlà méjì tó ń ka ohun tí èèyàn yàn nínú localStorage, àpò tí búráúsà fi ń tọ́jú nǹkan fún ìkànnì, ni kí ẹ yọ sọ́tọ̀: inú head gan-an, láìsí defer, láìsí async, tó ń ní kí búráúsà má dúró dè é.

Ọ̀rọ̀ lásán sì ni localStorage ń tọ́jú. Ẹ bá fi false sí i, "false" lẹ ó bá níbẹ̀, if á sì kà á sí òótọ́. Odidi ìrọ̀lẹ́ kan ló gbà lọ́wọ́ mi. "ale" tàbí "osan" ni mo ń kọ báyìí. Ẹ má gbàgbé slash iwájú /css/ale.css náà, láìsí i, ojúewé tó wà ní /oja/adire/ á máa wá fáìlì náà lábẹ́ ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àwọ̀ nìkan lẹ fẹ́ yí, kí lẹ fẹ́ fi fáìlì méjì ṣe? Ẹ kó àwọ̀ sínú variable CSS, ìyẹn orúkọ tí a fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí JavaScript kàn yí data-awo, àmì tí ẹ fúnra yín sọ lórúkọ, pa dà lára html. Kò sí ohun tí a ń lọ gbé, kò sí ìhòòhò. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀sán sílẹ̀ níbi tó hàn. Nínú oòrùn Abuja, ojú fóònù dúdú kò yàtọ̀ sí dígí.

Bí mo ṣe tún ti Mọ́mì ṣe nìyẹn. Ó ti ní kí n fi bọ́tìnnì kẹta sí i, aláwọ̀ ẹlú. Ìlà 6 péré ni.