Bí Mo Ṣe Fa Ìwé PRD Yọ Látinú Kóòdù Tí Wọ́n Pa Tì

Dọ́là 21 ló jóná mọ́ mi lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ìwé tí mo sì rí gbà kò ṣeé fún ẹnikẹ́ni kà. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan n'Íbàdàn ló gbé iṣẹ́ náà wá. Wọ́n ní áàpù tí wọ́n fi ń dá owó oṣooṣù, tí wọ́n sì fi ń yá owó. Ẹni tó kọ ọ́ ti lọ sí Kánádà. Ìlà méjì péré ló wà nínú README rẹ̀, fáìlì àlàyé tó máa ń bá kóòdù rìn. Wọ́n fẹ́ tún áàpù náà kọ, wọ́n wá ní kí n kọ PRD, ìwé tó ń sọ ohun tí áàpù ń ṣe, àwọn tó ń ṣe é fún, àti ìdí rẹ̀.

Mo da gbogbo repo náà, ìyẹn àpò tí kóòdù áàpù náà wà, fún AI. N kò kọ́kọ́ wò ó pé fódà node_modules wà nínú git, ohun tó ń tọ́jú àyípadà kóòdù. Kóòdù àwọn ẹlòmíràn tí áàpù kàn ń yá lò ló wà nínú fódà yẹn. Token, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ tí AI ń kà, ni wọ́n fi ń ka owó, AI sì ka gbogbo ẹrù yẹn pátá. Ó wá kọ ọ́ pé owó oṣooṣù tó kéré jù jẹ́ 500,000 náírà! Paystack ni áàpù náà fi ń gba owó, kọ́bọ̀ sì ni Paystack fi ń gba iye owó. 5,000 náírà ni.

Lẹ́ẹ̀kejì, routes (ojú ọ̀nà tí ìbéèrè ń gbà wọ áàpù), migrations (àkọsílẹ̀ àyípadà ibi tí dátà wà) àti tẹ́sìtì nìkan ni mo fún un, mo sì pa á láṣẹ pé kó kọ orúkọ fáìlì àti nọ́ńbà ìlà sí abẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn dára gan-an, inú mi dùn sí i. Ìyókù kò le.

Àfi ìlà kan:

if (waitDays < 3) return;

Ẹni tó bá tọrọ ẹ̀yáwó gbọ́dọ̀ dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí ló dé? AI ní “nítorí ààbò.” Ta ló sọ fún un? Mo lo git blame, tó ń sọ ẹni tó fọwọ́ kan ìlà kọ̀ọ̀kan kẹ́yìn, ó gbé mi lọ sí ọjọ́ tí ẹnì kan kàn tún gbogbo fáìlì tò, débi pé orúkọ kan náà ló wà lára gbogbo ìlà. Mo lo git log -S waitDays, mo rí ọjọ́ tí ìlà náà kọ́kọ́ wọlé. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó fi ìlà náà síbẹ̀ fi ṣàlàyé rẹ̀? “fix.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi jókòó tì í, inú ń bí mi.

Ìgbà tó sú mi ni mo pe Màmá akápò.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ọjọ́ mẹ́ta tí ẹni tó ń yáwó fi ń dúró ńkọ́?”

“Ọmọ mi, àwa la ní kó fi síbẹ̀. Àwọn onídùúró la fún láyè. Èèyàn lè fọwọ́ sí i lójú agbo kó délé kó pa èrò dà.”

Ìṣẹ́jú márùn-ún péré! Mo padà sínú kóòdù: kò síbi kankan tí onídùúró ti lè sọ pé òun ò ṣe mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta náà kàn ń kọjá lásán ni. AI kò rí i, èmi náà ì bá má rí i.

Bí mo bá tún gba irú iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ akápò ni n ó kọ́kọ́ lọ kí n tó ṣí repo. Ọ̀rọ̀ onídùúró yẹn ni mo fi ṣáájú nínú ìwé náà. Mo kọ orúkọ fáìlì àti ìlà rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: ẹnu Màmá akápò la ti gbọ́ ọ.