Máńgòrò aláta àti ọ̀pẹ òyìnbó gbígbẹ: bí mo ṣe fi dehydrator ṣe é nílé

Afẹ́fẹ́ ló ń mú èso gbẹ, kì í ṣe iná. Ẹni tó bá ti mọ èyí kó tó tan dehydrator, ẹ̀rọ tí a fi ń mú oúnjẹ gbẹ, ti bọ́ nínú ìdajì wàhálà iṣẹ́ yìí. Ooru kàn ń ti omi inú èso wá sójú ni. Atẹ́gùn tí fáànù ń fẹ́ ló ń gbé omi náà lọ. Bí ooru bá pọ̀ jù láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú èso á gbẹ, á le, omi tó wà nínú kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Irú èso bẹ́ẹ̀ máa ń tan èèyàn jẹ. Ẹ fọwọ́ kàn án, ó gbẹ. Ẹ kó o sínú ìgò, kò pẹ́ kò jìnnà, ó ti bu.

Ẹ̀rọ tí mo lò, tíréè mẹ́fà ló ní, ẹ̀yìn ni fáànù rẹ̀ wà, wáàtì 500 ló ń jẹ. Ibi tí fáànù wà ṣe pàtàkì ju iye tíréè lọ. Èyí tí fáànù rẹ̀ wà nísàlẹ̀, tí tíréè ń gun ara wọn lórí, tíréè ìsàlẹ̀ a máa gbẹ ṣáájú tòkè, nítorí náà wákàtí méjì-méjì ni kí ẹ máa pààrọ̀ wọn. Èyí tí fáànù rẹ̀ wà lẹ́yìn ń fẹ́ gba ojú gbogbo tíréè kọjá, síbẹ̀ èso tó wà nítòsí fáànù máa ń yá ju ti ẹnu ilẹ̀kùn lọ. Mo máa ń yí tíréè po lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí iṣẹ́ bá dé ìdajì.

Èso mẹ́ta ni mo kó sí i: máńgòrò, ọ̀pẹ òyìnbó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Máńgòrò ló ń fúnni níṣẹ́ jù. Èyí tó ti pọ́n àmọ́ tí kò tíì rọ̀ ni kí ẹ wá: bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó gbà díẹ̀, kò wọlé. Èyí tó bá ti rọ̀ jù á máa yọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, á sì lẹ̀ mọ́ tíréè. Máńgòrò kéékèèké tó máa ń há séyín, ẹ jẹ ẹ́ ní tútù. Tó bá gbẹ tán, fọ́nrán nìkan ló máa kù lẹ́nu. Ẹ gbóòórùn ìdí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Gbígbẹ kì í fi ohunkóhun kún èso, omi ló ń yọ, ohun tó bá kù á wá lágbára sí i. Adùn á le sí i, kíkan á le sí i, òórùn bíi kẹrosíìnì tó wà lára àwọn máńgòrò kan náà á le sí i.

Ọ̀pẹ òyìnbó tó ti pupa dé ìdajì dára, tí ìdí rẹ̀ ń ta sánsán láìní òórùn ọtí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ní tirẹ̀, kí èèpo rẹ̀ pọ́n, kí àmì dúdú bíi mélòó kan wà lára rẹ̀. Tó bá dúdú jù, á tẹ́ sílẹ̀ lórí tíréè, á di ọ̀dà. Àwọn kan máa ń béèrè bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dúdú, èyí tí kò tíì pọ́n, náà ṣeé fi sí i. Ó ṣeé fi sí i o, ṣùgbọ́n èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ ń ṣe yẹn, ó kù kí ẹ lọ̀ ọ́. Kò ní jọ ìpékeré láé, torí òróró gbígbóná ló ń se ìpékeré jinná tó sì ń gba ipò omi inú rẹ̀. Ooru dehydrator kò tó láti se sítáàṣì àgbagbà jinná.

Ẹ fọ èso pẹ̀lú èèpo lára rẹ̀ kí ẹ tó bó o, kí ìdọ̀tí ẹ̀yìn má bàa bá ọ̀bẹ wọ inú. Lẹ́yìn náà, rírẹ́. Ohun tí àwọn onípékeré fi ń rẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo lò fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti fún máńgòrò tó le díẹ̀; ọ̀bẹ mímú ni mo fi gé ọ̀pẹ òyìnbó. Máńgòrò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, mìlímítà 4. Ọ̀pẹ òyìnbó, mìlímítà 5, kí ẹ yọ ọ̀pá àárín rẹ̀ kúrò, torí òun máa ń pẹ́ kó tó gbẹ. Kì í ṣe pé mìlímítà 6 kò dára. Kí gbogbo rẹ̀ ṣáà dọ́gba ni. Bí pẹlẹbẹ kan bá fi ìlọ́po méjì nípọn ju èkejì lọ, ọ̀kan á ti gbẹ tán kí èkejì tó dé ààbọ̀, inú ìgò kan náà ni wọ́n sì jọ ń lọ. Èyí tó tutù á fún èyí tó gbẹ ní omi.

Mo po omi ọsàn wẹ́wẹ́ ife kan mọ́ omi lásán ife kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kó má bàa dúdú. Tó bá pẹ́ jù níbẹ̀, á mu omi yó, wákàtí gbígbẹ á sì gùn sí i. Máńgòrò kì í tètè dúdú, nítorí adùn ni mo ṣe rì í sí i. Ọ̀pẹ òyìnbó kò nílò rẹ̀, ó ti ní kíkan tirẹ̀. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú asẹ́ kí omi ro, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ojú wọn. Omi tí ẹ bá nù kúrò báyìí, iná kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lé e.

Èyí tó kàn ni èròjà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́. Kílò kan máńgòrò tí a ti rẹ́, bíi 200 gíráàmù ló máa kù tó bá gbẹ. Èyí ni pé iyọ̀ tó dùn lẹ́nu lórí èso tútù á di ìlọ́po márùn-ún. Nítorí náà, fún kílò kan máńgòrò: ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ (bíi gíráàmù 3), ṣíbí tíì kan ata gbígbẹ lílọ̀ tí kò ga lórí, àti èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ méjì tí a rin, ti aláwọ̀ ewé nìkan, torí funfun abẹ́ rẹ̀ korò. Ní Mẹ́síkò, ata, iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ lórí máńgòrò kì í ṣe tuntun rárá. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan á mọ ìdí rẹ̀. Fún kílò kan ọ̀pẹ òyìnbó: ṣíbí tíì kan atalẹ̀ gbígbẹ lílọ̀ àti ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì iyèrè, láìsí iyọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́: ṣíbí tíì kan sínámọ́nì fún kílò kan. Kànáfùrù náà bá a mu, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí orí ọ̀bẹ lè gbé ni. Tó bá lé díẹ̀, ẹnu á kú tipiri.

Atalẹ̀ tútù kò dára fún iṣẹ́ yìí, omi àti fọ́nrán ló ń kó wá. Gbogbo èròjà ni kí ẹ fi asẹ́ tó kúná sẹ́, torí ata tó bá ṣù jọ sójú kan, ẹni tó bá ko ibẹ̀ á sunkún. Mi ò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi yájì onísúyà sí i. Ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, òróró ẹ̀pà náà á sì bàjẹ́ kí èso fúnra rẹ̀ tó bàjẹ́. Ẹni tí ẹ̀pà kò bá lára mu náà wà.

Kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ń wọ́n èròjà. Bí iyọ̀ bá wà lórí èso tútù, á fa omi jáde, omi á gbé ata sọ̀ kalẹ̀ sórí tíréè tó wà nísàlẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ onísínámọ́nì á wá máa ta. Bí ẹ bá sì dúró pẹ́ jù, ojú èso á ti gbẹ, ata kò ní lẹ̀ mọ́ ọn, fáànù á fẹ́ ẹ sínú yàrá, gbogbo ilé á máa húkọ́. Àárín méjèèjì ló dáa. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì, ẹ fọwọ́ kan èso: bí omi kò bá lẹ̀ mọ́ ìka, ṣùgbọ́n tí ojú èso ń lẹ̀ mọ́ ọn, àkókò tó. Ẹ fa tíréè jáde, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ fi asẹ́ kékeré gbọn èròjà lé e láti òkè. Mo to máńgòrò aláta sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ọ̀pẹ òyìnbó tẹ̀ lé e, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lókè, kí ohunkóhun tó bá kán má bàa ba nǹkan jẹ́.

Bí ẹ bá ń to èso sórí tíréè, kí ọ̀kan má gun èkejì. Ibi tí wọ́n bá ti gun ara wọn, atẹ́gùn kò débẹ̀, ibẹ̀ á wà ní tútù títí.

57°C ni mo fi í sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Máńgòrò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń gba wákàtí 8 sí 12, ọ̀pẹ òyìnbó 12 sí 16. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa sún mọ́ iye kékeré. Nígbà òjò, iye ńlá, nígbà míì ó ń lé, torí afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń fà wọlé fúnra rẹ̀ ti kún fún omi. Ẹ má gbé ẹ̀rọ sílé ìdáná níbi tí ìkòkò ti ń hó, ẹ má sì ti yàrá pa mọ́ ọn, kí omi tó ń jáde lè rí ọ̀nà lọ.

Nítorí pé aago kò ṣeé gbára lé, òṣùwọ̀n ni mo fi ń mọ̀ pé ó tó. Mo wọn èso tútù orí tíréè kan, 500 gíráàmù, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Máńgòrò ní omi tó tó ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé nǹkan bíi 85 gíráàmù nìkan ni kì í ṣe omi nínú 500 yẹn. Tó bá dé bíi 100 gíráàmù, ó ti gbẹ, ó ń tẹ̀ bí awọ. Tó bá dé 90, á máa ṣẹ́ bó bá tutù. Ọ̀pẹ òyìnbó lómi ju bẹ́ẹ̀ lọ: bíi 80 fún èyí tó ń tẹ̀, bíi 75 fún èyí tó ń ṣẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kò ní omi tó wọn, nítorí náà 145 àti 130 ni tirẹ̀. Ẹ wọn ọ́n, ẹ dá a padà, ẹ tún wọn ọ́n lẹ́yìn wákàtí kan.

Ẹ má fi èso gbígbóná dánra wò. Ṣúgà inú rẹ̀ máa ń rọ̀ nínú ooru, gbogbo rẹ̀ á dà bí ẹni pé kò tíì gbẹ. Ẹ mú pẹlẹbẹ mẹ́ta láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ jẹ́ kó tutù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá ya á. Bí omi bá yọ lójú ibi tó ya, ó kù. Kí n sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: máńgòrò kì í rún wómúwómú bí ìpékeré, ṣúgà rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ló sún mọ́ ọn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀, tó ń ró kẹ́kẹ́, òróró ni wọ́n sábà fi ń dín in.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Wáàtì 500 fún wákàtí 12, yúnìtì 6 ló máa jẹ tó bá pọ̀ jù, torí ẹ̀rọ máa ń pa ooru rẹ̀ fúnra rẹ̀ tó bá ti dé ìwọ̀n. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní wákàtí mẹ́rin àkọ́kọ́, ìgbà yẹn ló léwu jù: èso ṣì tutù, ó tún lọ́wọ́ọ́wọ́, ibẹ̀ gan-an ni ìwúkàrà fẹ́ràn. Tó bá lé ní wákàtí méjì láìsí jẹnẹrétọ̀, ẹ bo èso, ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ nígbà tí iná bá dé. Èyí tó bá ti ń rùn bí ọtí tàbí tó ń yọ̀ lọ́wọ́, ẹ dà á nù. Lẹ́yìn tó bá ti kọjá ààbọ̀, kò sí ìbẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀.

Bó bá gbẹ, ẹ jẹ́ kó tutù fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má bàa tún máa fa omi afẹ́fẹ́. Èyí tó ń ṣẹ́, ẹ kó o sínú ìgò ọlọ́mọrí lójú ẹsẹ̀. Èyí tó ń tẹ̀, ẹ kó o dé ìdá méjì nínú mẹ́ta ìgò, kí ẹ máa mì ín lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí omi tó ṣẹ́ kù lè pín dọ́gba. Bí ìrì bá hàn lára ìgò, ẹ dá a padà sínú ẹ̀rọ. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò lè dí afẹ́fẹ́, èso á rọ̀ padà. Ní yàrá tó wà ní bíi 27°C, ẹ má retí ju oṣù mẹ́fà lọ, kó sì wà níbi tí oòrùn kò dé. Èso tó rọ̀ lásán, tí kò rùn, wákàtí kan nínú 57°C á tún un ṣe. Ẹyọ kan tó bá hu irun funfun, gbogbo ìgò náà ló ń bá a lọ.

Tíréè, omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi rẹ ẹ́ kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́. Kànrìnkàn onírin á ha á. Ata máa ń sá pamọ́ sínú ihò àwọ̀n rẹ̀. Tíréè méjì tí mo fi ṣe máńgòrò aláta, mo ti sàmì sí wọn, wọn kì í gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́.