Bí mo ṣe dín iṣẹ́ àkọsílẹ̀ òjò wa kù kó má baà kú

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́: dátà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹ ń rà sórí fóònù. Àkọsílẹ̀ òjò ni. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹnì kan á lọ sẹ́yìn ọ́fíìsì wa, á gbé ìgò inú agolo ìwọn-òjò, á da omi rẹ̀ sínú gíláàsì onílà, á sì kọ iye mìlímítà tó bá rí sínú ìwé. Wọ́n ti ń ṣe é láti 1968, kí wọ́n tó bí mi. Àgbẹ̀ ń bèèrè rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá ń bèèrè rẹ̀, ẹnjiníà tó fẹ́ mọ bí gọ́tà ṣe yẹ kó fẹ̀ tó náà ń bèèrè.

Ní 2023 ni wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Àwa méjì péré ló kù: èmi, àti Bàbá tó ń wo òjò. Ẹnìkẹta wa, tó kọ́ ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ mèremère tí a fi ń pín dátà, ti japa. Pásíwọ́ọ̀dù mẹ́ta bá a lọ. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo fi ń tọrọ wọn lórí WhatsApp, òru tibí sì ni ọ̀sán tọ̀hún.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wàhálà owó dé. Server tí a háyà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé ojúlé náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń gba 40 dọ́là lóṣù. Kí náírà tó já lulẹ̀ ní oṣù Òkúdu 2023, bíi 18,000 náírà nìyẹn. Nígbà tó fi di oṣù Èrèlé 2024, ó ti tó 60,000, káàdì wa ò sì sanwó òkèèrè mọ́. Ọ̀rẹ́ kan nílùú òyìnbó ló ń bá wa san án, ojú sì ń tì mí láti pè é lóṣooṣù. Mo kọ lẹ́tà ìbéèrè owó mẹ́ta. Ibi kan náà ni gbogbo èsì já sí: owó wà fún iṣẹ́ tuntun, kò sí fún títọ́jú èyí tó ti wà nílẹ̀. Kì í ṣe tiwa nìkan o. Ní Mauna Loa ní Hawaii, níbi tí Charles David Keeling ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ ní 1958, owó dá wọn dúró ní 1964. Àlàfo oṣù mélòó kan yẹn ṣì wà nínú ìwé wọn dòní.

Mo wá yẹ ímeèlì ọdún méjì wò, kí n lè mọ ohun tí àwọn èèyàn ń wá gbà lọ́wọ́ wa gan-an. Kò sẹ́ni tó dárúkọ máàpù tó wà lójúlé náà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní òjò ọdún báyìí sí ọdún báyìí" ni gbogbo wọn ń wí. Mo pa máàpù náà. Ó dùn mí díẹ̀, torí ó rẹwà, ṣùgbọ́n òun náà ló máa ń kọ́kọ́ wó nígbàkigbà. Fáìlì CSV kan ló kù, lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán, tí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí lè ṣí.

Inú fáìlì yẹn ni iṣẹ́ wà. Mo kọ́kọ́ fi fóònù ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé, torí ikán ti ń jẹ etí ìwé 1974. Ínǹṣì ni wọ́n fi kọ àwọn tó pẹ́ jù, mo sì ń fi 25.4 sọ ọ́ di mìlímítà. Mo ṣèèṣì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan tó ti wà ní mìlímítà tẹ́lẹ̀. Òjò ọdún náà lé ní 30,000. Òkun nìyẹn, kì í ṣe òjò. Excel náà dá tirẹ̀ sílẹ̀: mo kọ 03/04, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni mò ń wí, ó kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta bí àwọn ará Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà, ọdún ló ń ṣáájú: 2024-04-03.

Èyí tó dá mi dúró jù ni pé fún ọdún bíi mẹ́fà, kò sí òjò kankan ní Sátidé àti Sunday. Mo lọ bá Bàbá.

"Bàbá, ṣé òjò ìgbà yẹn máa ń gba ìsinmi ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ta ló máa wá wò ó? Wọn ò sanwó ófátáìmù. Tó bá di Mọ́ńdè, a ó wọn gbogbo rẹ̀ pọ̀."

Ẹni tó ti kọ odo sí àwọn àyè òfìfo yẹn sínú kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Odo túmọ̀ sí pé òjò kò rọ̀. Àyè òfìfo túmọ̀ sí pé a kò wò ó. Ẹni tó bá fi irú dátà bẹ́ẹ̀ ṣírò àgbàrá, gbogbo òjò Mọ́ńdè ni yóò dà bí ìkún omi. Mo fi òpó (column) kan kún fáìlì náà: "w" bí a bá wò ó, "k" bí a kò bá wò ó, "p" bí ó bá jẹ́ àpapọ̀ ọjọ́ púpọ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni Bàbá fi jókòó tì mí, tó ń sọ èyí tó mọ̀. Ká ní ó ti fẹ̀yìn tì ni, odo ni ì bá jẹ́ títí láé.

Ìyókù rọrùn. Mo gbé fáìlì náà sórí Zenodo, ibi ìpamọ́ dátà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì ní Yúróòpù, ń bójú tó: ọ̀fẹ́ ni, ó ń gba tó 50 GB lẹ́ẹ̀kan, tiwa kò sì tó mẹ́gábáìtì kan. Ó ń fúnni ní DOI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kì í yí padà, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè tọ́ka sí ẹ̀dà tó lò. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdọọdún, a ó fi ẹ̀dà tuntun kún un. Ẹ̀dà kan tún wà lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, òmíràn lórí hard disk nínú dúrọ́ọ̀ ní ilé kejì. Mo wá ti server pa. Ọ̀rẹ́ mi tó ń sanwó ló kọ́kọ́ dúpẹ́.

Mo kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sójú ewé kan ṣoṣo, àti pásíwọ́ọ̀dù sínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó kọjá mo rìnrìn àjò, mo sì gbé ewé náà fún kọ́pà kan tí kò fojú kan iṣẹ́ wa rí. Ó gbé ẹ̀dà tuntun náà sórí Zenodo lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló pè mí: mi ò kọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ wà.